Lẹ́tà ẹ̀sùn: nọ́ḿbà ẹ̀sùn mẹ́fà, iṣẹ́ kan ò tíì parí

Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́dọ̀ yín.

Lórí ìwé ìlò ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tí mo gbé fún yín ṣe ni mo tún ṣe ń kọ̀wé. Risíìtì mi wà lọ́wọ́ yín, gbogbo fáìlì wà lọ́wọ́ yín, nọ́ḿbà ẹ̀sùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ fún mi náà wà níbẹ̀. N kò ní máa rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín sọ sí mi lórí fóònù ló gba oorun lójú mi.

Mo sọ fún un pé orí kejì ìwé náà pe ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí ní "ẹnu ẹ̀rọ", orí karùn-ún pè é ní "agbada", orí keje pè é ní "fọ́nẹ́ẹ̀lì". Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i kà àbí ẹ ò rí i kà?" Mo ní mo rí i kà. Ó ní, "Kí ló wá kù?" Ó pa fóònù. Ọmọ tí mo lè bí!

Ẹ bá mi sọ ohun tó kù fún un. Bóòtì kan náà ni orí kẹta pè ní mílímítà 12, tí orí kẹfà pè ní ìdajì ìǹṣì. Ìdajì ìǹṣì jẹ́ mílímítà 12.7. Nọ́ọ̀tì tó bá ọ̀kan mu kò lè bá èkejì mu. Oníbàárà mi kan ní Ilé-Olújì ti ra èyí tí kò yẹ, èmi ló sì bú, kì í ṣe ẹ̀yin. Ibi tí a ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́, àpótí kéékèèké tó ṣófo ló tò síbẹ̀ dípò àwọn ẹ àti ọ tó lámì, torí ẹni tó sọ ọ́ di PDF kò fi fọ́ǹtì, ìyẹn àwòṣe lẹ́tà, sínú rẹ̀. Gbólóhùn tó yẹ kó gba ìka èèyàn là! Ìwọ̀n bébà ojú ewé kan jẹ́ A4, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ Letter, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń lò ó. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi ní Ọjà Ọba, ó jẹ etí tábìlì lọ. Orúkọ fáìlì ńkọ́? "Final", "Final 2", "Final tuntun", "Ẹ lo eléyìí". Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Àṣìṣe kò bí mi nínú tó ìlérí. Ọ̀gá ọmọ náà bẹ̀ mí, ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, aago 4, iṣẹ́ á ti parí. Mo gbéra nínú òjò, mo dé ọ́fíìsì yín ní Alágbàká, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe é ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Ọ̀wọ̀. Kó máa jayé orí ẹ̀. Ọjọ́ Ajé, kò sí iná. Ọjọ́rú, wọ́n ní kí n lọ tún ẹ̀sùn mi kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ḿbà kẹfà ṣe dé nìyẹn.

Ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo orí yóò tẹ̀ lé, ẹ gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú risíìtì. Inú risíìtì náà nìkan ni mo ti rí i.

Ọjọ́ méje ni mo fún yín. Orúkọ kan fún ohun kan, mílímítà níbi gbogbo, A4 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmì ohùn lórí lẹ́tà rẹ̀, kí fáìlì Word sì bá PDF wá. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ dá owó mi padà. Bí n kò bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni n ó kọ̀wé sí. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 ní kí ẹni tó gba iṣẹ́ parí rẹ̀ lásìkò, kó sì tètè sọ bí yóò bá pẹ́. Lọ́yà mi náà kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín, ó lè fẹsẹ̀ rìn wá.

Kí ọmọ yẹn pè mí kó tọrọ àforíjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nọ́ḿbà keje ránṣẹ́.

Èmi oníbàárà yín tó ti rẹ̀,
Oníṣẹ́ ẹ̀rọ, Ọ̀bà-Ilé.