Àbẹ̀kẹ́, fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní o ń ka Om, ọ̀rọ̀ mímọ́ àwọn Híńdù, yí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà po nígbà mẹ́wàá lójoojúmọ́, orí rẹ ò sì dákẹ́, àti pé ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní Bengaluru, ní Íńdíà níbẹ̀, ti ń bínú ariwo ìdájí. Ẹ̀rín pa mí.

Nígbà tí mo ń kàwé ní Varanasi, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé máa ń jí ní aago mẹ́rin. Èmi á tẹ́ ẹní ìrun mi, òun á ká ẹsẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tẹ̀sùbáà mi jẹ́ 99, tirẹ̀ jẹ́ 108. Àtàǹpàkò àti ìka àárín ló fi ń fà á. Ìka tí a fi ń nàka sí ènìyàn kì í kàn án, wọ́n ní ìka ìgbéraga ni. Tó bá dé ìlẹ̀kẹ̀ ńlá tó wà ní ìparí, kì í ré e kọjá, á yí i padà. N kì í gbọ́ kíún. Ó ní èyí tí à ń pè síta ló kéré jù, ti abẹ́ ètè jù ú lọ, èyí tí ọkàn nìkan ń pè ló ga jù.

Patanjali, àgbà tó kọ ìwé yógà láyé àtijọ́, ní kí a máa pe Om, kí a sì máa ro ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdajì lò ń ṣe. Ẹ̀ka 8 ló sì pín yógà sí: àṣàrò di ìkeje, àmọ́ nínú ìkíní gan-an, ohun tó kọ́kọ́ dárúkọ ni pé kí a má ni ẹlòmíràn lára. Oorun ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?

Ìwé Mandukya, ọ̀kan nínú ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Híńdù, kò ju ẹsẹ 12 lọ. Ó ní a, u àti m ló di Om: a ni ojú tó là, u ni àlá, m ni oorun àsùnwọra. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé m ni wọ́n ń pè ní Turiya, ìyẹn "ẹ̀kẹrin". Wọn ò tilẹ̀ rí orúkọ gidi fún un! Ibẹ̀ ni ìdáǹdè tí ò ń wá wà, ìwọ sì ti ń sáré fa ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn.

Patanjali ní tirẹ̀ ní ìdáǹdè ni kí ẹ̀mí tó ń wòran mọ̀ pé òun kọ́ ni ìrònú tí òun ń wò. Mandukya ní ẹ̀mí náà àti Brahman, ìyẹn orísun ohun gbogbo, ọ̀kan ni wọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pò wọ́n pọ̀ fún ọ. Èmi Mùsùlùmí ò lè bá Mandukya débẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, lẹ́yìn àsùbáà, kí àkùkọ ilé kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́la, pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Tí ètè rẹ bá pa dé lórí m, jókòó síbẹ̀. Kí o sì bẹ ẹnì kejì rẹ. Ìyá rẹ ti ń di gàrí Ìjẹ̀bú fún un.

Bàbá rẹ