Ẹsẹ̀ Bàtà Méjì Tí Wọ́n Ní Kí N Gé

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹnì kan ti ń bèèrè ohun tó ń dá wa dúró tí a kò fi tíì gbé ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìgbànú àgbáyé, èyí tí wọ́n fi ń du ipò ọ̀gá akànṣẹ́ lágbàáyé, wá sí Àbújá. Ó ní pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá wà ńlẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì wà, pápákọ̀ òfurufú wà, owó nìkan ló kù. Káfíńtà ni mí ní Dei-Dei níbí. Mo ti bá wọn to ríìngì ẹ̀ṣẹ́, ìyẹn pèpéle tí wọ́n fi okùn yí ká tí àwọn akànṣẹ́ ti ń jà, nílùú yìí àti ní Kàdúná ju ìgbà mẹ́wàá lọ, mo sì fẹ́ kí arákùnrin wa gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún mi. Ìjà ìgbànú ni, kò tó ti àgbáyé, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ pósítà rẹ̀ láti Wúsé dé Nyanya. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni wọ́n ní kí n ṣe ríìngì náà. Mo ti to pákó tán, mo ti tẹ́ fóòmù, mo ń fa tapólì lé e lórí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ni ọmọṣẹ́ púrómótà, ìyẹn ẹni tó ṣètò ìjà náà, bá wọlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gé e kù ní fíìtì méjì?" Mo ní kí ló dé. Ó ní ọ̀gá òun ló ní kí òun wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Akànṣẹ́ tí púrómótà náà ń tọ́jú wúwo lẹ́sẹ̀, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ le bí òkúta. Ẹni tó fẹ́ bá a jà ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló yá: á gbá ọ, á ti yẹ̀. Bí ríìngì bá wá fún, ibo ló fẹ́ yẹ̀ sí?

Mo gé e. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdajì owó mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ọmọṣẹ́ mẹ́rin sì ń wo ojú mi.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ Ìbàdàn yẹn gun orí ríìngì. Ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, ó padà, ó tún un wọ̀n. Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni eléyìí?" Mo ní kó lọ bi máníjà rẹ̀. Máníjà náà ò mọ̀, torí kò sí i nínú ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀. Ìpele karùn-ún (ráúńdì karùn-ún) ni wọ́n dá ìjà náà dúró, ọmọ náà ti wà lára okùn kò ríbi gbà. Nínú owó tí wọ́n ṣèlérí fún un, ìdajì ló rí gbà. Ìdajì tèmi náà, mo ṣì ń retí rẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún káfíńtà. Nígbà tí Sugar Ray Leonard fẹ́ bá Marvin Hagler, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, jà ní Las Vegas ní oṣù kẹrin ọdún 1987, ó gbà kí owó Hagler ju tòun lọ, mílíọ̀nù 12 dọ́là sí mílíọ̀nù 11. Ohun tí òun náà rí gbà padà ni ríìngì ẹsẹ̀ bàtà 20, ìbọ̀wọ́ áúǹsì 10, àti ìpele 12 dípò 15. Ó ti tó bí ọdún mẹ́ta tí Leonard ti jà kẹ́yìn, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló máa gba òun. Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ló ní Leonard ló borí. Hagler ò jà mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó tí arákùnrin wa ní òun nìkan ló kù. WBC, WBA, IBF, WBO, àwọn àjọ ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé mẹ́rin, àwọn ló ni ìgbànú. Bí wọ́n bá pàṣẹ pé kí ẹni tó ni ìgbànú bá ẹnì kan jà, wọ́n á fún ìhà méjèèjì láyè kí wọ́n jọ dúnàádúrà. Bí wọn ò bá gbọ́ra wọn yé, wọ́n á ní kí àwọn púrómótà kọ iye tí wọ́n lè san sínú ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló gba ìjà náà, òun ló sì máa sọ ìlú tí wọ́n ti máa jà á. Àjọ náà á yọ tirẹ̀ lórí owó akànṣẹ́, bíi náírà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ọkọ̀ òfurufú àwọn adájọ́ àti òtẹ́ẹ̀lì wọn, ọrùn púrómótà ló wà. Tẹlifíṣọ̀n náà ní agogo tirẹ̀: ní Kinshasa lọ́dún 1974, aago mẹ́rin ìdájí ni Ali àti Foreman jà, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè rí i lálẹ́ tiwọn. Mílíọ̀nù 5 dọ́là ni Don King, púrómótà ìjà náà, ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó Mobutu, ààrẹ Zaire nígbà yẹn, ló sì gbára lé. Foreman fara gbọgbẹ́ lójú níbi ìdánrawò, ìjà sún síwájú ju oṣù kan lọ. Ẹ ṣáà ro owó òtẹ́ẹ̀lì wò.

Bàbá mi wà ní Liberty Stadium n'Íbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà débi pé kò lè jáde fún ìpele kẹjọ. Títí bàbá mi fi kú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ yẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò dárúkọ Jack Solomons, ará London tó ṣètò ìjà náà, rí. Ká má tilẹ̀ sọ ti ẹni tó kan ríìngì.

Kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn Hausa ti máa ń ja Dámbe, ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ wọn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi aṣọ àti okùn wé, òun ni wọ́n fi ń gbá. Bí ọwọ́ tàbí orúnkún ẹnì kan bá kanlẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti "pa" á nìyẹn, ìyẹn ni pé ó ti pàdánù ìjà náà. Àwọn òǹwòran á wọ inú agbo, wọ́n á máa kó náírà lé ẹni tó borí lọ́wọ́. Mi ò ní kò sí màgòmágó níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ọmọ náà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló rí.

Láti ọdún 2000 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi orúkọ Muhammad Ali pè, tó ní kí púrómótà fi iye tí òun ń rí lórí ìjà han akànṣẹ́. Mi ò tilẹ̀ béèrè tó yẹn. Kí àjọ tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Nàìjíríà gba owó ìjà sọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé òṣùwọ̀n jáde láti wọn àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí wọ́n ka ìwé náà fún ọmọ ní èdè tó gbọ́. Kí ìwọ̀n ríìngì wà nínú rẹ̀.

Bí ìjà àgbáyé bá dé Àbújá tí wọ́n sì pè mí, màá lọ. Àmọ́ mo ti sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé bí a ò bá tíì rí ìwé tí àwọn méjèèjì tó máa jà tọwọ́ bọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ayùn. Pákó tí mo gé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi kan àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Káfíńtà,
Dei-Dei, Àbújá.