Èrìgì tí kì í ṣẹ̀jẹ̀ náà lè ní àìsàn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí èrìgì bá wú, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi aláìsàn ni pé ṣé ó ń fọ eyín rẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún máa bi í pé irú èéfín wo ló ń fà símú, kí ló sì ń fọwọ́ kàn lẹ́nu iṣẹ́.

Lóòótọ́, kòkòrò inú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń dá àìsàn yìí sílẹ̀. Ara ló sì yẹ kó kápá wọn, bí májèlé kò bá gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín sìgá ló burú jù. Nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà kò sì ní lè ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyí: èrìgì ẹni tó ń mu sìgá kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ egungun tó di eyín mú ti ń run lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tí eyín bá ń mì ni yóò tó fura. Ẹni tó ń fa èéfín ẹlòmíì símú nínú ilé náà kò yọ sílẹ̀.

Torí náà, kí wọ́n má dúró de ẹ̀jẹ̀. Dókítà eyín ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fàlà sí lára, tó fi ń wọn àlàfo àárín eyín àti èrìgì. Mílímítà 1 sí 3 kò séwu. Bó bá di 4 sókè, ó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní lead, ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó ń tú bátìrì ọkọ̀, tàbí tó ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri, lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dú bí aró létí èrìgì, níbi tó ti kan eyín. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ ló pàdé gáàsì tí kòkòrò ẹnu ń tú jáde. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè fọ̀ ọ́ kúrò; kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá. Kó máa fọwọ́ kó tó jẹun, kó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ síbi iṣẹ́.

Ẹni tó bá sì fura pé òjé wà nínú omi ẹ̀rọ rẹ̀, kó má gbẹ́kẹ̀ lé sísè: omi ló ń gbẹ, òjé kì í bá a lọ.

Àwa oníṣègùn eyín kan