Wá Ẹni tí Yóò Bá Ọmọ Ta Eré Kí O Tó Ra Káàdì fún Un

Ilé-Ifẹ̀,
Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá Àkànní, mo sì kí Àkànní fúnra rẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Iléṣà? Ara mi le, a dúpẹ́. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pé ọmọ náà rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi káàdì Pokémon, èyí tí wọ́n ya àwọn ẹ̀dá àròsọ tó ń bá ara wọn jà sí, ta eré lẹ́yìn ẹ̀kọ́, pé ó ní kí o ra tirẹ̀ fún òun, pé ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ tìtaratìtara pé òun fẹ́ máa lọ sí ìdíje, àti pé màmá kan nínú ìjọ yín ti kìlọ̀ fún ọ pé tẹ́tẹ́ ni gbogbo ohun tí à ń pè ní káàdì. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ohun tí mo ní í sọ fún ọ kò ju ẹyọ kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pẹ́ kí n tó sọ ọ́ tán: ẹni tí yóò máa bá ọmọ náà ta eré náà ni kí o kọ́kọ́ wá fún un, kí o tó wá káàdì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìwọ gan-an ni ẹni náà.

Nígbà tí àbúrò rẹ bẹ̀rẹ̀ eré yìí, o ti wọ yunifásítì, o kò sì sí nílé láti rí àṣìṣe tí mo ṣe. Bí ó bá ti ṣe dáadáa ní kíláàsì, pákéètì káàdì ni mo máa ń ní kí àǹtí yín tó wà ní Kánádà fi ránṣẹ́ sí i. Káàdì 10 ló máa ń wà nínú pákéètì kan, wọ́n á ti lẹ̀ ẹ́ pa, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ èyí tó wà nínú rẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá ya á. Àbúrò rẹ á ya á, á wò ó fìrí, á ju mẹ́sàn-án sínú páálí bàtà, á gbé ẹyọ kan tí ó ń dán sókè, á sì bi mí pé ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀. Nígbà tí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, páálí bàtà méjì ti kún dẹ́múdẹ́mú, síbẹ̀ kò tíì ta eré kan parí rí, nítorí pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé tó mọ̀ ọ́n ta. Èmi ni mo fa ìyẹn. Mo rò pé bí mo bá ti ra nǹkan fún ọmọ, mo ti ṣe tèmi.

Nítorí náà, n kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ màmá ìjọ yín kò nídìí rárá. Fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, kí o sì la ọ̀rọ̀ náà sí méjì fún wọn. Eré náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tẹ́tẹ́: ẹnikẹ́ni kì í fi owó lélẹ̀, ẹni tí ó bá pàdánù á sì kó káàdì tirẹ̀ pé pérépéré lọ sílé. Ibi tí ó ti jọ tẹ́tẹ́ ni inú pákéètì yẹn, níbi tí ọmọ yóò ti máa ya ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn nítorí pé ẹyọ kan tí àwọn àgbà ń rà ní owó gọbọi lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí o bá ti mú pákéètì kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù fara pẹ́ ayò ọlọ́pọ́n tí bàbá mi máa ń ta níwájú ilé wa: ọ̀ta wà, ọ̀pẹ wà, ọ̀pẹ tí ó bá sì fara balẹ̀ lè di ọ̀ta. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ ayò 48 wà lójú ọpọ́n níbi tí ẹni méjèèjì ti ń wò ó, ṣùgbọ́n ti káàdì, púpọ̀ nínú rẹ̀ dojú bolẹ̀, èèyàn á sì máa fi ìṣirò wá ohun tí ojú kò rí.

Má ra pákéètì rárá ní ọdún àkọ́kọ́. Dẹ́ẹ̀kì méjì, ìyẹn àkójọ káàdì tí ẹnì kan fi ń ta eré, tí wọ́n ti tò pé láti ilé iṣẹ́ ni kí o rà, ọ̀kan fún Àkànní, ọ̀kan fún ọ, kí ẹ sì máa fi méjèèjì ta á títí yóò fi lè sọ fún ọ láìwo ìwé ohun tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Nígbà tí ó bá wá mọ èyí tí dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ kò ní, ẹyọ náà gan-an ni kí o rà fún un, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta káàdì àtijọ́ fún ọ, wo igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí lẹ́tà kékeré kan wà nínú àpótí. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń mọ èyí tí ìdíje ṣì gbà, nítorí pé wọ́n máa ń yọ àwọn tó ti pẹ́ kúrò láti ìgbà dé ìgbà. Káàdì tí wọ́n ti yọ dára fún eré inú ilé, àmọ́ má ṣe ra á ní owó ìdíje.

Ó yẹ kí ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ta á. Káàdì 60 géérégé ló gbọ́dọ̀ wà nínú dẹ́ẹ̀kì, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Àwọn tí wọ́n jẹ́ orúkọ kan náà kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ, àfi káàdì agbára ìpìlẹ̀ nìkan, èyí tí à ń so mọ́ Pokémon kí ó lè jà. Ẹni kọ̀ọ̀kan á fa 7 sọ́wọ́, á gbé Pokémon ìpìlẹ̀ kan síwájú, á sì ya 6 sọ́tọ̀ ní ìdojúbolẹ̀, èyí tí í ṣe káàdì ẹ̀bùn. Bí ó bá ti ṣẹ́gun Pokémon ẹnìkejì rẹ̀, á mú nínú ẹ̀bùn tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀ tán ló borí. Ẹni tí kò bá ní Pokémon kankan mọ́ lórí tábìlì ti pàdánù, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kàn tí kò sì rí káàdì fà mọ́. Ìyókù, ẹnu iṣẹ́ ni wàá ti mọ̀ ọ́n.

O mọ̀ pé ìṣirò ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ èyí tí ó dùn mọ́ mi jù. Àbúrò rẹ ní káàdì kan tí gbogbo ètò rẹ̀ dá lé, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ní nínú 60. Ojoojúmọ́ ló ń bínú pé kì í yọjú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí ìwé kíkọ tuntun kan sórí tábìlì oúnjẹ, mo ní kó po káàdì náà pọ̀ dáadáa, kó fa 7, kó sọ fún mi bóyá ó wà níbẹ̀, kó dá a padà, kó tún pò ó. Ìgbà 50 ni a ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo ń fa ìlà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ló yọ. A wá gé bébà mẹ́ta, a kọ orúkọ káàdì náà sí i, a fi rọ́pò mẹ́ta mìíràn kí ó lè di mẹ́rin, a sì tún un ṣe ní ìgbà 50: ó yọ ní ìgbà 21. Iná ti lọ nígbà náà, àtùpà la fi parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí ìṣirò rẹ̀ fún un, pé ẹyọ kan nínú 60 á wà nínú 7 àkọ́kọ́ ní bí ìgbà 12 nínú 100, pé bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ó kéré tán ọ̀kan á wà níbẹ̀ ní bí ìgbà 40, àti pé ẹyọ kan ṣoṣo tó gbójú lé yẹn lè há sínú káàdì ẹ̀bùn mẹ́fà ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú eré mẹ́wàá. Ó tẹjú mọ́ àwọn ìlà inú ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tú dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ palẹ̀, ó sì tò ó fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò tíì kọ́ ọmọ kankan ní irú ìṣirò yẹn ní kíláàsì kí ó wọ̀ ọ́ létí bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ra fún ayédèrú, torí ó pọ̀ ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Ó máa ń fẹ́lẹ́, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ṣì, wọ́n a máa kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lákọtì, bí o bá sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á yọ síwájú ju ti ojúlówó lọ. Wọn kò gbà á ní ìdíje. Ra rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọ káàdì lẹ́wù pẹ̀lú, kí gbogbo 60 jẹ́ àwọ̀ kan náà. Àbúrò rẹ fi ọwọ́ àkàrà mú káàdì kan rí, epo sì hàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹyọ owó kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí káàdì yẹn bá ti wà lókè, èmi tí mo jókòó ní iwájú rẹ̀ á ti mọ ohun tí ó fẹ́ fà. Níbi ìdíje, ẹ̀ṣẹ̀ ni káàdì tí ó bá ní àmì, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ní ti ìdíje fúnra rẹ̀, òótọ́ ni pé ó ga lókè ọ̀hún. Láti Japan ni káàdì náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ó di ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1999, ilé iṣẹ́ tó ni ín sì ń ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ láti 2004, nígbà tí wọ́n ṣe é ní Orlando ní Amẹ́ríkà. Ọdún tí wọ́n bí èèyàn ni wọ́n fi ń pín wọn sí Junior, Senior àti Masters, kí ọmọdé lè bá ọmọdé pàdé. Má tíì jẹ́ kí ojú Àkànní lọ síbẹ̀. Pe àwọn ọmọ mẹ́jọ sí yàrá àlejò yín ní Sátidé kan, kí o sì lo ètò tí wọ́n ń pè ní Swiss: ní ìpele kejì, ẹni tí ó borí á bá ẹni tí ó borí pàdé, ẹni tí ó pàdánù á bá ẹni tí ó pàdánù, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa lé lọ sílé nítorí pé ó pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ mẹ́jọ bá ta ìpele mẹ́ta, tí kò sì sí ọ̀mì, ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní pàdánù rárá, àwọn méje yòókù á sì ti ta eré mẹ́ta mẹ́ta. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ètò wọn.

Yóò sunkún. Àbúrò rẹ sunkún. Bí ó bá ti dìde nídìí tábìlì, má bi í pé ṣé ó borí, nítorí pé ìwọ náà á ti rí i lójú rẹ̀. Fún un lómi mu, jẹ́ kí ara rẹ̀ walẹ̀, kí o wá bi í pé ìgbà wo gan-an ló mọ̀ pé eré náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọmọ tí ó bá lè tọ́ka sí ìgbà náà ti rí ohun tí yóò tún ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ló ṣe ohun tí òfin kò gbà tí ẹnìkejì rẹ̀ kò rí i, òun fúnra rẹ̀ ni kí o kọ́ láti pe adájọ́. N kò fẹ́ kí o rò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí èyí.

Ìwọ náà, pa ẹnu mọ́. Ní ìdíje kékeré kan tí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣètò ní Ìbàdàn, mo dúró lẹ́yìn àbúrò rẹ, mo rí i pé ó fẹ́ so káàdì agbára mọ́ Pokémon tí kò yẹ, mo bá wúkọ́. Ó gbọ́ ikọ́ náà, ó sì yí ọwọ́ padà. Adájọ́ wá, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ bọ́ síta, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ mi nítorí ohun tí èmi ṣe. Àbúrò rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi kọjá Ìkirè. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ kí n bẹ̀ ẹ́.

Ti orí fóònù, tí wọ́n ń pè ní Pokémon TCG Live, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára fún kíkọ́ òfin, nítorí pé kì í jẹ́ kí ọmọ ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ bí a ṣe ń po káàdì, bí a ṣe ń ka ẹ̀bùn tàbí bí a ṣe ń wo ojú ẹni tí ó jókòó síwájú wa. Wákàtí kan ní òpin ọ̀sẹ̀ tó fún un, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé.

Mú Àkànní wá sí Ifẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, bí bàbá rẹ̀ bá yọ̀ǹda rẹ̀. Àbúrò rẹ ti ní kí n máa lo dẹ́ẹ̀kì àtijọ́ tí òun fi sílẹ̀. Mo kà á lánàá, 59 ni mo bá, ni mo bá tú páálí bàtà méjèèjì sórí ẹní títí mo fi rí káàdì agbára iná kan tí yóò dí àlàfo náà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pé.

Èmi ni ìyá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ.