Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Hanslick àti orin tí ó ní ó ń rùn

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé òtútù Vienna kò tíì lé ọ kúrò níbi eré orin. O ní o gbọ́ orin fáyólìn tí Tchaikovsky, ọmọ Rọ́ṣíà, kọ, àti pé nígbà tí wọ́n dé apá kẹta rẹ̀, ńṣe ni ẹsẹ̀ rẹ ń jó lábẹ́ àga láìgba àṣẹ. O wá bi mí léèrè ẹni tí ìyá àgbà tó jókòó tì ọ́ ń dárúkọ, tó ní ó bú orin náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú yẹn gan-an. Eduard Hanslick ni, ẹni tó máa ń kọ èrò rẹ̀ lórí orin sínú ìwé ìròyìn. Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé rẹ̀ ni èmi àti ọkùnrin náà ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́, nítorí náà má ṣe bínú bí ìdáhùn mi bá gùn ju ìbéèrè rẹ lọ.

Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1881 ni Adolf Brodsky ta fáyólìn náà, tí Hans Richter sì darí àwọn olórin Philharmonic ti Vienna. Hanslick gbọ́ ọ, ó sì kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Neue Freie Presse. Ó gbà pé orin náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ gbà pé apá kejì, èyí tó rọra ń lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀tù sí òun nínú, ṣùgbọ́n ó ní apá ìkẹyìn gbé òun lọ sí àríyá àwọn ará Rọ́ṣíà kan, níbi tí òun ti ń rí ojú àwọn aláìlajú, tí òun ń gbọ́ èpè lẹ́nu wọn, tí òórùn ọtí líle sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ó rántí pé Friedrich Vischer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, ti sọ nípa àwọn àwòrán kan rí pé wọ́n ń rùn sí ojú. Ó wá ní orin yìí ló kọ́kọ́ mú òun rò ó pé orin tó ń rùn sí etí lè wà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí pé ní èdè Jámánì, àbùkù tó kọjá ààlà ni kí etí gbọ́ òórùn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa Yorùbá kò mọ ohun mìíràn tí à ń ṣe sí òórùn ju pé kí á gbọ́ ọ lọ. Tchaikovsky ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ka àròkọ náà títí ó fi lè kà á lórí láìwo ìwé.

Prague ni wọ́n ti bí Hanslick, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1825, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ọ́síríà. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ ènìyàn ní dùùrù. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọmọ oníṣòwò Júù kan, ni ó sì fẹ́, tó wá di ìyá Eduard. Ọmọ náà kọ́ orin lọ́dọ̀ Tomaschek, ṣùgbọ́n ìmọ̀ òfin ni ó kà ní yunifásítì, tí ó sì parí ní 1849, iṣẹ́ ìjọba ni ó sì ń ṣe jẹun nígbà tí ó ń kọ̀wé lórí orin. Mo rò pé òfin tí ó kà yẹn ló mú kí ó máa kọ̀wé bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́. Ìwé tí ó mú kí gbogbo ayé orin máa bá a jiyàn jáde ní 1854, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún: Vom Musikalisch-Schönen ni àkọlé rẹ̀, ohun tó jẹ́ ẹwà nínú orin ni ó sì dá lé lórí. Ìwé tín-ín-rín ni, síbẹ̀ wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá kí ó tó kú. Yunifásítì Vienna gbà á láti máa kọ́ni, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n gidi níbẹ̀ ní 1870.

Àwọn ènìyàn ìgbà náà gbà pé iṣẹ́ orin ni láti sọ ohun tó wà lọ́kàn jáde, pé èyí ń sọ ìbànújẹ́, pé èyí ń sọ ìfẹ́. Hanslick ní rárá. Ó ní òótọ́ ni pé orin lè mú ènìyàn sunkún, ṣùgbọ́n inú ẹni tó ń gbọ́ ọ ni ẹkún náà wà. Ohun tó wà nínú orin fúnra rẹ̀ ni ìró tó ń rìn, tó ń gbé ìrísí kan wọ̀, tó sì ń bọ́ òmíràn sílẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ọnà ara ògiri ń yí padà lójú wa. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí n kò lè gbàgbé ni ti Orfeo nínú ọ́pẹ́rà, eré tí wọ́n ń fi orin kíkọ ṣe, tí Gluck ṣe ní 1762. Orfeo ń ké pé òun ti pàdánù ìyàwó òun, kí ni òun yóò ṣe. Àwọn ènìyàn sì ń nu omijé. Hanslick ní kí á fi ọ̀rọ̀ ayọ̀ sí ohùn orin kan náà, kí ọkùnrin náà máa yọ̀ pé òun ti rí ìyàwó òun, kí á wò ó bóyá kò ní bá a mu ju ti ẹkún lọ. Mo dán an wò nínú ilé ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó bá a mu. Mo fẹ́ fi dùndún já a nírọ́, nítorí pé dùndún ń ki ènìyàn láìya ẹnu, ṣùgbọ́n bí mo ti rò ó síwájú ni mo rí i pé yóò dá mi lóhùn pé èdè ni ìlù náà ń sọ nígbà yẹn, àti pé òun kò bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jà.

Wagner, ọmọ Jámánì tó ń kọ ọ́pẹ́rà, ni ó bá jà. Ó sì ti yìn ín rí o: ní 1846, ó kọ àròkọ gígùn tó kún fún ìyìn lórí Tannhäuser, ọ̀kan nínú àwọn ọ́pẹ́rà Wagner. Ṣùgbọ́n bí Wagner ti ń sọ orin di ìránṣẹ́ fún eré àti ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Hanslick ń jìnnà sí i. Ní 1862, Wagner ka ọ̀rọ̀ ọ́pẹ́rà Meistersinger rẹ̀ sétí àwọn àlejò nínú ilé ọ̀rẹ́ kan ní Vienna, Hanslick sì jókòó láàárín wọn. Beckmesser wà nínú eré náà, ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àṣìṣe olórin ẹlòmíràn, tí orin tirẹ̀ sì ń di ẹ̀sín. Nínú àkọsílẹ̀ kan tó ṣáájú, Veit Hanslich ni Wagner sọ ẹni náà. Wagner fúnra rẹ̀ ròyìn pé inú Hanslick ń bàjẹ́ sí i bí òun ti ń kà á lọ, àti pé tìbínú-tìbínú ni ó fi kúrò níbẹ̀. Ní 1869, Wagner tún ìwé burúkú tí ó kọ lòdì sí àwọn Júù tẹ̀ jáde, ó sì fi ẹ̀yà ìyá Hanslick bú u nínú rẹ̀. Ní ti èyí, ẹ̀yìn Hanslick ni mo wà.

Brahms, olórin ọmọ Jámánì, ni ọ̀rẹ́ Hanslick, ó sì fi orin ijó waltz mẹ́rìndínlógún, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 39 láàárín àwọn iṣẹ́ rẹ̀, ta á lọ́rẹ. Hanslick náà ló kọ lẹ́tà sí Dvořák, olórin ọmọ Czech, ní 1877, nígbà tí àwọn ènìyàn kò tíì mọ̀ ọ́n, láti sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ wu Brahms. Ti Bruckner, olórin ọmọ Ọ́síríà, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí Olú-ọba Franz Joseph bi Bruckner léèrè ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe fún un, ó ní kí kábíyèsí bá òun sọ fún Hanslick kí ó má bú òun mọ́. Bí ìtàn náà kò bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ó fi hàn bí ẹ̀rù ọkùnrin náà ti ń ba àwọn olórin tó.

Ohun tí èmi àti rẹ̀ kò lè parí rèé, Àdùkẹ́. Ẹni tó kọ́ wa pé kí á fetí sí ìró, kí á yé fi ohun tó wà lọ́kàn tiwa díwọ̀n orin, òun náà ló jókòó níbi orin Tchaikovsky tó ń rí ojú ará Rọ́ṣíà, tó ń gbọ́ èpè, tó ń gbọ́ òórùn ọtí. Ta ni ó gbé ọtí wọ inú fáyólìn? Bí a bá gbé àròkọ ọdún 1881 yẹn lọ síwájú ìwé ọdún 1854, ìwé náà ni yóò kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, àròkọ ni àwọn ènìyàn ń rántí, tí ìwé sì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ó fẹ̀yìn tì ní 1895, ó sì kú ní Baden, nítòsí ìlú tí o wà yẹn, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1904.

Jọ̀wọ́, bí wọ́n bá tún ṣe orin fáyólìn náà, padà lọ. Nígbà tí wọ́n bá dé apá kẹta, di ẹsẹ̀ rẹ mú, kí o pa ojú dé, kí o sì kọ̀wé sí mi bóyá o gbọ́ òórùn kankan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjọkẹ́