Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ẹ́dítìn Fídíò Ní Yunifásítì

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́,
Ìbàdàn.

Ọlọ́lá jùlọ,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ẹgbẹ́ àwọn olóòtú fídíò nílùú Ìbàdàn la kọ ìwé yìí. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń wá ṣe I.T. (ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́), ohun tí à ń rí lára wọn ló sì gbé wa dé iwájú yín.

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa lórí fláàṣì. Bó ṣe ṣí i báyìí, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n fòò: "Media Offline", ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà kò rí fídíò tó yẹ kó lò. Fáìlì iṣẹ́ nìkan ló kó wá. Gbogbo fídíò tó yà ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe òpè o. Ẹ ní kó ṣàlàyé "jump cut" (gígé tó ń mú kí àwòrán fò lójijì) sórí pépà, á ṣàlàyé rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ, inú ìwé náà ni wọ́n ti dán an wò. Kò sẹ́ni tó mú un jókòó ti kọ̀ǹpútà kó to fáìlì, kó mú ohùn bá ẹnu mu, kó tún àwọ̀ ṣe. Ìbàdàn yìí kan náà ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1959. Ó dùn wá gan-an.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ yunifásítì tí NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni NUC là kalẹ̀. Ìdá 30 tó kù, ọwọ́ yunifásítì ló wà. Ìdá 30 yẹn là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ bá wa rọ àwọn aláṣẹ kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́, kí máàkì tó pọ̀ jù wá láti inú fíìmù kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gé.

Sọ́fítíwia kọ́ ni ìṣòro: DaVinci Resolve tí a fi ń gé fídíò ní ti ọ̀fẹ́, ó sì ń gbé fídíò 4K tó mọ́ kedere jáde. Kọ̀ǹpútà tó lágbára àti iná ló ń náni lówó, apá ìjọba sì ká yàrá kan tó ní sólà.

A kò ní kí wọ́n lé olùkọ́ kankan. Wọ́n mọ ohun tí àwa kò mọ̀ nípa ìtàn fíìmù. Kí àwọn aláṣẹ ṣáà gba àwọn ọ̀gá iṣẹ́ láàárín wa láyè, ẹni tí kò ní dígírì pàápàá, láti wá ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sáà àkọ́kọ́, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọjọ́ tí a lè wá rí yín kí sáà tuntun tó wọlé.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́.