Ẹ̀dọ̀ màlúù tí wọ́n ń kọ́ mi

Ghent, Bẹ́ljíọ̀mù

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà.

Ìbéèrè yín orí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi: "Ṣé ẹ̀dọ̀ màlúù tí mo ti ń gé kí wọ́n tó bí ọ ni wọ́n tún ń kọ́ ọ lókè òkun?" Òun náà ni, Bàbá. Àmọ́ láàyè la fẹ́ ẹ.

Láti ọdún 1988 ni òfin Yúróòpù ti dè é pé kí ẹnikẹ́ni má fún màlúù ní họ́mọ̀nù, oògùn tó ń darí ìdàgbàsókè ara, kó lè yára sanra. Àwọn kan ṣì ń fún un ní kọ̀rọ̀. Lọ́dún 1995, wọ́n yìnbọn pa Karel Van Noppen, dókítà ẹran tó ń tọpa wọn níbí. Nítorí ẹran, Bàbá!

Kí oògùn tó dé inú ìtọ̀ màlúù tá à ń yẹ̀ wò, ẹ̀dọ̀ á ti pa á dà. Testosterone, họ́mọ̀nù akọ, tó wọlé sára màlúù, epitestosterone tó jọ ọ́ gan-an ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń dà. Ẹni tó bá ń wá èyí tó wọlé nìkan, á pàdánù ipa ẹsẹ̀ olè.

Ká lè mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ oògùn dà, odò ẹran là ń lọ. Bí wọ́n bá ti pa ẹran, a ó fọ ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ẹ̀dọ̀ kúrò, a ó wá da collagenase gba ibẹ̀, òun ló ń tú ohun tó so ẹ̀dọ̀ pọ̀. Tá a bá gbọ̀n ọ́n, sẹ́ẹ̀lì á tú jáde, omi á rí bí omi ọ̀gì bàbà. A ó tẹ́ wọn sínú abọ́ pẹlẹbẹ, nínú àpótí tó móoru ní ìwọ̀n 37 lórí Celsius.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fara mọ́ra, onígun-onígun bí afárá oyin. Mo da testosterone lé wọn lórí. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì rẹ̀, epitestosterone ti wà nínú omi náà. Ẹran ti kú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́! Ara mi bù máṣọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀dọ̀ pẹ́ lọ́nà kó tó dé, gbogbo rẹ̀ kú. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹ̀dọ̀ kì í dúró de oníbàárà.

Ẹ sọ fún Màmá pé omi ikùn ìgbín la fi ń tú ohun tí ẹ̀dọ̀ so mọ́ oògùn nínú ìtọ̀, kí ẹ̀rọ tó lè rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, apá kékeré tó yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀ yẹn, òun là ń lò jù. Kí lẹ máa ń pè é ní ìsọ̀?

Ọmọ yín,
Àyìndé